Bàbá ti pé ọdún 65: ṣé ó tún di dandan kí wọ́n ra ìwé àṣẹ kí wọ́n tó ju ìwọ̀ sódò ní Amẹ́ríkà?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti bàbá mi wà létí Lake Conroe, lápá àríwá Houston. Bàbá jókòó sórí àga tó ń ká pọ̀, fìlà wà lórí wọn, ọ̀pá ìwọ̀ wà lọ́wọ́, ike tí a kó ẹ̀dọ̀ adìẹ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹja àrọ̀ méjì ti wà nínú kúlà. Ni ọkọ̀ kan bá rọra dúró lẹ́yìn wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ ìjọba, ó kí wa dáadáa, ó ní ká jọ̀ọ́, ká fi láísẹ́ǹsì ẹja wa han òun. Mo yọ tèmi. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ewú orí wọn, wọ́n ní kí n sọ fún un pé ẹni ọdún 71 ni àwọn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò ká ọwọ́ tó nà kò.

Ohun tó gbé wa dé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti pé 65, ọ̀fẹ́ ni ẹja pípa àti ọdẹ ṣíṣe fún un. Ẹni tó ta ọ̀pá ìwọ̀ fún wa pàápàá sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sọ̀yà. Irọ́ pátápátá kọ́ ni o. Òótọ́ ni ní Florida. Ní Texas tí a wà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan ni ọkùnrin náà fún wa, ṣùgbọ́n owó ìtanràn irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ní Texas ń bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 25, ó sì lè dé 500. Ẹja àrọ̀ méjì kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti wá jókòó ti òfin náà láti ìgbà yẹn. Bó ṣe rí nìyí.

Kí ni wọ́n ń tà fún wa gan-an?

Ìwé àṣẹ láti mú ohun tí kì í ṣe tiwa ni. Nílé, ẹ mọ̀ pé bí ọdẹ bá pa ẹkùn láyé àtijọ́, kì í gbé e wọlé tirẹ̀. Ọba ló ni ẹkùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin Amẹ́ríkà ṣe wo ẹja inú odò àti ẹran inú igbó: gbogbo ará ìpínlẹ̀ ló ni ín, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú nínú rẹ̀ yóò gba àṣẹ, yóò sì san nǹkan díẹ̀ sápò ìtọ́jú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní ìpínlẹ̀. Washington, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, kọ́ ló ń ta ìwé yìí. Ìpínlẹ̀ 50 ló wà, òfin 50 ló wà, ọjọ́ orí tí oníkálukú ń pè ní àgbà kò sì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n yín ní Miami ṣe lè sọ òótọ́ fún yín lórí fóònù, kí òótọ́ náà sì kó yín sí wàhálà ní Dallas.

Ẹja jíjẹ àti ìgbádùn là ń sọ níbí o. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹja tà, ìwé mìíràn pátápátá nìyẹn, ọjọ́ orí kò sì ràn án.

Ìdásílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó

Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni àwọn èèyàn ń lù pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀sì ṣàpèjúwe rẹ̀. Àgbà kan wọ bọ́ọ̀sì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní, “Bàbá, ẹ jókòó yín,” kò béèrè owó, kò já tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdásílẹ̀ nìyẹn. Àgbà kejì wọlé, wọ́n ní kó san ìdajì, wọ́n sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹ̀dínwó nìyẹn. Tí àyẹ̀wò bá dé lójú ọ̀nà, àgbà àkọ́kọ́ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹnì kejì gbọ́dọ̀ ní i lọ́wọ́. Irú kẹta tún wà: tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, tó jẹ́ pé ẹ ní láti kọ́kọ́ lọ gbà á ní kántà. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ gbà á, kò ní i.

Florida ń ṣe ti àkọ́kọ́. Olùgbé Florida tó bá ti pé 65 kò nílò láísẹ́ǹsì ẹja tàbí ti ọdẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀ ni káàdì ìdánimọ̀ tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ti Florida, tó fi ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì rẹ̀ hàn.

Texas ń ṣe ti ìkejì fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbà. Ìwé ẹja inú omi tí kò níyọ̀ jẹ́ dọ́là 30 fún olùgbé. Ẹni tó ti pé 65 ń san 12. Ti omi òkun jẹ́ 35. Àgbà ń san 17. Ìwé ọdẹ jẹ́ 25. Àgbà ń san 7. Odindi àkópọ̀ ẹja àti ọdẹ, tí wọ́n ń pè ní Super Combo, jẹ́ 68. Àgbà ń san 32. Owó náà fúyẹ́, àmọ́ ìwé ni.

Ẹ wá wo New York àti New Jersey, tó jẹ́ pé odò Hudson ló là wọ́n láàárín. Bàbá ẹni ọdún 70 tó ń gbé Brooklyn yóò san dọ́là 5 fún ìwé ẹja inú omi tí kò níyọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 70 bíi tirẹ̀, tó ń gbé Newark lódì kejì, kò nílò ìwé kankan láti pa ẹja inú omi tí kò níyọ̀ ní New Jersey. Tí ọ̀rẹ́ náà bá wá sọdá sí New York wá pa ẹja, àlejò ni. California tún le jù wọ́n lọ: ọjọ́ orí nìkan kò dín owó kankan níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé 65, kí owó tó ń wọlé fún yín sì kéré, kí wọ́n tó dín in. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sórí afárá ìpẹja ti gbogbogbòò létí òkun California, tàgbà tèwe, kò nílò láísẹ́ǹsì.

Kí ló dé tí Texas fi ń béèrè ọdún tí wọ́n bí yín?

Ibí ló dà mí lórí rú jù. Ìdásílẹ̀ gidi wà nínú òfin ẹja Texas, ṣùgbọ́n kò dárúkọ 65 rárá. Ohun tó wí ni pé ẹni tí wọ́n bí ṣáájú January 1, 1931 kò nílò láísẹ́ǹsì ẹja. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó kéré jù nínú wọn ti pé 95 kí ọdún 2026 tó wọlé. Bàbá mi, ọmọ ọdún 71, dà bí ọmọdé lójú òfin yẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ orí àti ọjọ́ ìbí nìyí. Òfin tó bá ní “ẹni tó bá ti pé 65” dà bí bọ́ọ̀sì tó dúró ní gáréèjì tó ń pèrò: bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ ó wọlé, lónìí tàbí lọ́dún mẹ́wàá sí i. Òfin tó bá ní “ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ báyìí” dà bí bọ́ọ̀sì tó ti kúrò. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gbádùn lọ, ẹnì kankan kò ní bá wọn mọ́ láéláé, wọ́n sì ń dín kù lọ́dọọdún bí ikú ṣe ń mú wọn.

Ẹni tí wọ́n bí lópin ọdún 1930 pé 65 lópin 1995. Nítorí náà, ẹ lè fojú ara yín rí ìgbà tí bọ́ọ̀sì Texas gbéra. Georgia náà ṣe irú rẹ̀. Níbẹ̀, June 1952 ni ààlà: àgbà tí wọ́n bí ṣáájú oṣù yẹn kì í san kọ́bọ̀, àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ń san owó àgbà. Ẹ fi 65 kún 1952, ẹ ó bá 2017. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè wà nínú ilé kan ní Atlanta, kí ẹ̀gbọ́n máa jẹ ọ̀fẹ́, kí àbúrò má jẹ ẹ́ títí ayé, bó tilẹ̀ pé àwọn méjèèjì ti lé ní 65.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú yọ gbogbo àgbà?

Owó Washington ló fà á, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in sì ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1937, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tó fi owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko igbó. Ìdá 11 nínú 100 ni lórí ìbọn gígùn àti ọta. Ní 1950, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ẹja: ìdá 10 lórí ọ̀pá ìwọ̀ àti ọ̀pọ̀ ohun èlò ìpẹja. Ilé iṣẹ́ tó ṣe nǹkan náà ló ń san án, ẹ ò rí i lórí rìsíìtì, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú iye tí ẹ rà á. Àní àgbà tí kò ra láísẹ́ǹsì ti san tiẹ̀ lọ́jọ́ tó ra ìwọ̀.

Washington wá ń pín owó náà fún àwọn ìpínlẹ̀. Ti ọdẹ, ìdajì jẹ́ nípa bí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ìdajì kejì jẹ́ nípa iye èèyàn tó fowó ra ìwé ọdẹ níbẹ̀. Ti ẹja, ìdá 60 nínú 100 ló dá lórí iye àwọn tó fowó ra ìwé ẹja, ìdá 40 yòókù sì jẹ́ ti bí ilẹ̀ àti omi ṣe fẹ̀ tó. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tó *fowó rà*. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ kò sí nínú òǹkà.

Ẹ fọkàn wo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ní ẹ̀ka káàkiri. Tí wọ́n bá fẹ́ pín owó láti olú ẹgbẹ́, wọ́n á wo iye ẹni tó sanwó oṣù ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka Ìbàdàn wá ní kí àwọn àgbà 200 má sanwó mọ́. Ó dára, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpín, orí 200 ti kúrò nínú ìwé, owó tí ẹ̀ka Ìbàdàn ń gbé bọ̀ nílé yóò sì dín. Tí wọ́n bá ní kí àgbà kọ̀ọ̀kan san ìdá kan nínú mẹ́rin, orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Èrè dọ́là 7 tí Texas ń gbà lọ́wọ́ àgbà ọdẹ kò mọ sí dọ́là 7.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń le sí i nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, láàárín 1946 àti 1964. Àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn pé 65 ní 2011, òjò wọn ò sì tíì dá. Ìpínlẹ̀ tó bá ń dá gbogbo ẹni ọdún 65 sílẹ̀ ń yọ orúkọ kúrò nínú ìwé lọ́dọọdún.

Èmi ò ní purọ́, inú mi kọ́kọ́ bí sí Texas. Nígbà tí mo rí ibi tí owó ń gbà, mo dákẹ́. Òfin àpapọ̀ náà kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ fi owó láísẹ́ǹsì ṣe nǹkan mìíràn. Èyí tó bá yà á sí títì tàbí ọ́fíìsì gómìnà lè pàdánù ìpín rẹ̀ láti Washington. Ó wù mí ká ní irú rẹ̀ nílé.

Bàbá tó wá kí ọmọ láti Nàìjíríà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló máa bọ́ sínú kòtò níbí, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ ìdásílẹ̀ àti ẹ̀dínwó àgbà tí mo ti kà sílẹ̀, olùgbé ìpínlẹ̀ ló wà fún. Ní Texas, olùgbé ni ẹni tó ti gbé níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó wá ra ìwé. Bàbá tó bá wá ṣe ìkómọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe olùgbé, ìbáà jẹ́ ẹni ọdún 80. Iye tí àlejò ń san ni yóò san: dọ́là 58 fún odindi ọdún lórí omi tí kò níyọ̀, tàbí 16 fún ìwé ọjọ́ kan ṣoṣo tó gba gbogbo omi.

Ilé níní kò sọ èèyàn di olùgbé. Àgbà tó ń sá fún òtútù New York lọ sí ilé rẹ̀ ní Florida, àmọ́ tí káàdì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti New York, àlejò ni létí odò Florida.

Ọ̀nà àbùjá kan wà ní Texas tí mo fẹ́ràn gan-an. Nínú ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀, ìyẹn state park, ẹni tó bá dúró sétí omi tàbí sórí afárá ìpẹja ibẹ̀ kò nílò láísẹ́ǹsì, àlejò tàbí onílé. Nítòsí Houston, ẹ lè mú Bàbá lọ sí Brazos Bend. Ẹ kàn máa ṣọ́ ẹsẹ̀ yín o, ọ̀nì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí igi tó wó.

Ohun tí ewú orí kò yọ yín nínú rẹ̀

Ìdásílẹ̀ yọ yín nínú owó ìwé, kò yọ yín nínú òfin ìpẹja. Iye ẹja tí wọ́n gbà láyè lójúmọ́, gígùn rẹ̀, oṣù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹja kan, gbogbo rẹ̀ kan ẹni ọdún 20 àti ẹni ọdún 90. Ní etíkun Texas, ẹja tí wọ́n ń pè ní redfish gbọ́dọ̀ gùn tó 20 ínṣì, kó má sì ju 28 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé èyí tó ju 28 lọ sílé nílò àmì pàtàkì kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹja. Àmì náà máa ń bá láísẹ́ǹsì òkun wá. Bàbá àgbà tí wọ́n bí ní 1929, tí kò ra láísẹ́ǹsì, kò ní in, yóò sì san dọ́là 3 rà á lọ́tọ̀.

Florida náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sétí òkun kó máa wá ẹja ekurá, ìyẹn shark, gbọ́dọ̀ gba ìwé kan, ẹni tó ti lé ní 65 pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ohun kan tí Washington ń tà fún ọdẹ ni Duck Stamp, ìyẹn òǹtẹ̀ ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ, tó ti wà láti 1934. Dọ́là 25 ni, gbogbo ẹni tó ti pé 16 tó fẹ́ yin ìbọn sí pẹ́pẹ́yẹ igbó ló gbọ́dọ̀ ní i. Kò sí ti àgbà, kò sí ẹ̀dínwó. Florida tó dá bàbá sílẹ̀ kò lè dá a sílẹ̀ nínú eléyìí.

Káàdì kan tún wà tó ń ṣi àwọn àgbà lọ́nà: Senior Pass, tí ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card lè rà láti ọdún 62, dọ́là 80 títí ayé. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣí. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹja.

Ọ̀rọ̀ ìbọn

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ ọdẹ ka ibí lẹ́ẹ̀mejì. Òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò mú ìbọn dání ní Amẹ́ríkà, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ọdẹ tó péye láti ìpínlẹ̀ kan wà lára wọn. Ìwé tí ẹ rò pé ọjọ́ orí yóò gba Bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ yìí lè jẹ́ òun gan-an ni ààbò wọn. Àgbà ọdẹ tó ti pa ẹfọ̀n ní igbó Ìṣẹ́yìn, ẹ má gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ fún fọ́tò lásán.

Ẹ̀kọ́ ọdẹ tó jẹ́ dandan kò kan àwọn àgbà ní Texas, torí àwọn tí wọ́n bí láti September 2, 1971 síwájú ló wà fún. Ẹ rí i pé ọjọ́ ìbí náà tún ni. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgbà ló jèrè.

Ẹ̀yin ará London

Kúkúrú ni tiyín. Ní England, ọmọ tí kò tíì pé 13 kò nílò ìwé ìwọ̀. Láti 13 sí 16, ìwé náà jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹni tó ti pé 66 ń rí ẹ̀dínwó, kò sí ọ̀fẹ́. Ìwé náà kò sì fún yín láṣẹ láti wọ adágún olódò kan. Owó tirẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní in lè san tó £2,500.

Ní ti Bàbá mi, ní Monday tó tẹ̀ lé e, wọ́n san dọ́là 12 wọn. Ìwé Texas máa ń kú ní August 31, tuntun sì máa ń jáde láti àárín oṣù náà, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ August ni wọ́n ti máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mi ò tíì gbàgbé. Lẹ́ẹ̀kan tí ọkọ̀ ìjọba tún rọra dúró lẹ́yìn wa ní Conroe, kí ọkùnrin náà tó ya ẹnu, Bàbá ti ṣí fìlà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n fọwọ́ dá mi dúró, wọ́n yí fìlà náà dojú rú, wọ́n sì fa ìwé náà yọ nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kí òógùn má bàa bà á jẹ́.